Ohun Tí Mo Ń Rí ní Ring Road

Ní ọ̀sẹ̀ tí mo kọ́kọ́ dé ìlú Bìní, ọkọ mi já mi sílẹ̀ ní Ring Road, ó ní kí n dúró de òun níwájú ọgbà mùsíọ́mù. Takisí ló ń wà nígbà náà. Ó rí èrò kan tó ń lọ sí Ekosodin, níbi táwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ń gbé, kò sì fẹ́ kí ó bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Ó ní òun ò ní pẹ́. Mo dúró.

Ìkìrun ló ti fẹ́ mi wá. Ní Ìkìrun, tí èèyàn bá dúró lójú kan díẹ̀, ẹnì kan á bi í pé ọmọ ta ni, pé ta ló ń dúró dè. Ní Ring Road, ńṣe ni ọkọ̀ ń yí po bí ẹni tí kò níbi tó ń lọ. Ọ̀nà ya láti ibẹ̀ káàkiri, gbogbo wọn sì jọra lójú mi. Mo tẹjú mọ́ ibi tí ọkọ mi gbà lọ títí mi ò fi mọ èwo ló gbà mọ́. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń sọ èdè tí mi ò gbọ́ ẹyọ kan nínú ẹ̀. Mo ti rò tẹ́lẹ̀ pé ibi yòówù kí n dé ní Nàìjíríà, wọ́n á gbọ́ Yorùbá díẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé bẹ́ẹ̀ kọ́.

Obìnrin kan tó ń ta ẹ̀pà sísè lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá mi sọ̀rọ̀. Èdè Edo ló kọ́kọ́ fi sọ ọ́. Nígbà tó rí i pé mi ò dáhùn, ó fi Píjìn tún un sọ. Mo dá a lóhùn ní Yorùbá pé ọkọ mi ni mò ń dúró dè. Kò gbọ́ ohun tí mo wí, ṣùgbọ́n ó dìde lórí àpótí tó jókòó lé, ó tì í sọ́dọ̀ mi. Mo jókòó. Itohan lorúkọ ẹ̀. Òun lẹni àkọ́kọ́ tí mo mọ̀ ní Bìní, yàtọ̀ sí ọkọ mi.

Oòrùn ti ń wọ̀ kí ọkọ mi tó padà dé. Ó bẹ̀ mí. Mo ní kò sí nǹkan. Láti ọjọ́ yẹn ni "kò sí nǹkan" ti mọ́ mi lẹ́nu, tó fi jẹ́ pé nígbà tí nǹkan wá ṣẹlẹ̀ ní tòótọ́, mi ò ní ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè sọ.

Iṣẹ́ tí mo rí ṣe kò jìnnà sí Ring Road. Ilé ìtẹ̀wé kékeré kan ni, lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Mission Road. Mo ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀wé kí n tó lọ́kọ, òun ni wọ́n fi gbà mí. Ìkéde òkú la máa ń tẹ̀ jù lọ: ìwé ńlá tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri, àti ìwé ètò ìsìnkú tí wọ́n ń pín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ní Bìní, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ òkú bò. Wọ́n á gbé àwòrán olóògbé síbi tí gbogbo ayé á ti rí i, wọ́n á kọ orúkọ ọmọ, orúkọ ọmọ-ọmọ, àti ìlú òyìnbó tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wà. Èmi ni mo ń tẹ orúkọ náà. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń kọ orúkọ àwọn ará Bìní kí n tó mọ bí wọ́n ṣe ń kí ara wọn. Ngbàtí ni wọ́n ń pè mí níbi iṣẹ́, wọ́n ní kò sí gbólóhùn tí Yorùbá kan máa sọ tí kò ní sọ "nígbà tí" sí i. Kò dùn mí. Mo máa ń dáhùn.

Fèrèsé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì mi. Tí mo bá gbójú sókè, mo lè rí apá kan Ring Road: igi tó wà létí ọgbà, ilé sinimá tí àwòrán fíìmù máa ń wà lára ẹ̀, àti àwọn ayàwòrán tó ń gbé kámẹ́rà kọ́rùn tí wọ́n ń pe àwọn tó ń kọjá pé kí wọ́n wá ya fọ́tò. Itohan náà wà níbẹ̀. Tó bá ti rí mi lójú fèrèsé, ó máa ń na ọwọ́ sókè.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo máa ń lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ìpè tẹlifóònù, ní ìsàlẹ̀ ilé kan nítòsí ibẹ̀. Ìyá mi á ti wà lọ́dọ̀ aládùúgbò wa kan ní Ìkìrun tó ní tẹlifóònù, á ti jókòó tì í. Ìbéèrè kan náà ló máa ń bi mí.

"Báwo ni ibẹ̀ ṣe rí?"

Mo ní ó tóbi.

"Ṣé wọ́n ń kí èèyàn níbẹ̀?"

Mo ní wọ́n ń kí èèyàn. Lẹ́yìn ìyẹn, a ó máa gbọ́ èémí ara wa títí ìpè á fi já. Gbogbo ohun tí mo rí ló ṣòroó sọ ní Yorùbá fún ẹni tí kò rí i rí.

Ohun tó dùn mọ́ mi wà o. Lọ́jọ́ kan, kọ́ńdọ́ ọkọ̀ kan fẹ́ já wa sílẹ̀ kí a tó dé ibi tó pè. Mo bá a jà ní Píjìn, gbogbo èrò inú ọkọ̀ gbè mí lẹ́yìn, ó sì gbé wa débẹ̀. Mo ń rẹ́rìn-ín lójú ọ̀nà títí mo fi dé ilé wa ní Upper Sakponba. Nígbà tí mo sọ fún ọkọ mi, ó ní mo ti dọmọ Bìní nìyẹn. Òun fúnra ẹ̀ ti dọmọ Bìní tipẹ́. Ó ń sọ Edo bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀, àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ sì ti sọ ọ́ ní Osaro. Ó mọ gbogbo ojúlé tó yí Ring Road ká.

Kò sí ọjọ́ kan tí mo lè tọ́ka sí pé ọjọ́ yìí ni ibẹ̀ yí padà. Ibi tí wọ́n ti ń ta ìpè tẹlifóònù ni wọ́n kọ́kọ́ tì. Àwọn ọmọbìnrin tó ń fi fóònù alágbèéká ta ìpè lábẹ́ agbòòrùn ló gba iṣẹ́ náà, agbòòrùn wọn pọ̀ létí ọ̀nà bí olú. Lẹ́yìn náà, gbogbo èèyàn ra fóònù tirẹ̀, agbòòrùn náà kò sí mọ́. Mo rò pé ó parí nìyẹn. Ó ṣe díẹ̀, mo gbójú sókè lọ́jọ́ kan, agbòòrùn ti padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, POS ni wọ́n wá ń ṣe lábẹ́ ẹ̀. Ilé sinimá di ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ayàwòrán dín kù díẹ̀díẹ̀ títí ó fi ku bàbá arúgbó kan, tí kò sì sẹ́ni tó ń dá a lóhùn. Wọ́n gé igi. Wọ́n fi irin yí ọgbà ká. Wọ́n gbé iná tó ń darí ọkọ̀ síbẹ̀.

Ní àárín gbogbo ẹ̀ ni ìyá mi kú. Ilé ìtẹ̀wé wa ni mo ti tẹ ìkéde rẹ̀, mo sì ṣe é bí a ṣe máa ń ṣe ti àwọn ará Bìní, àwòrán ńlá, orúkọ gbogbo wa nísàlẹ̀. Nígbà tí mo gbé e dé Ìkìrun, àwọn ẹbí wò ó, wọ́n ní ó dára, ṣùgbọ́n wọ́n ní kò jọ tibí. Lẹ́yìn ìsìnkú, mo padà sẹ́nu iṣẹ́, mo sì tẹ ti ẹlòmíràn. Mi ò sunkún nílé, mi ò sunkún lọ́hùn-ún. Àwọn èèyàn sọ pé mo gbìyànjú.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kó àwọn tó ń tajà létí ọ̀nà kúrò ní Ring Road, ojú fèrèsé ni mo wà. Mo rí Itohan tó ń di ẹrù ẹ̀. Kò yára, kò sì bá ẹnikẹ́ni jà. Mo sọ̀kalẹ̀ lọ bá a. Ó ní òun ń lọ sọ́dọ̀ ọmọ òun ní Sapele, pé ẹsẹ̀ tilẹ̀ ti ń dun òun. Mo bá a gbé ìkòkò ẹ̀pà ẹ̀ dé ìdí ọkọ̀. Nígbà tí mo padà sídìí tábìlì mi, mo retí kí inú mi bàjẹ́. Kò bàjẹ́. Mo kàn ń wo ibi tó máa ń jókòó sí, ó mọ́ tónítóní, mo sì ń ronú pé mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé síméńtì ló wà nísàlẹ̀ ibẹ̀.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àìsàn ṣe ọkọ mi, níbi tó ti tò sẹ́yìn àwọn takisí tó kù. Àwọn awakọ̀ ẹgbẹ́ ẹ̀ ló gbé e lọ sọ́síbítù. Rọpárọsẹ̀ ni. Apá ọ̀tún ẹ̀ kò ṣiṣẹ́ mọ́, kò sì lè sọ̀rọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí i lẹ́nu, Yorùbá nìkan ló padà. Àwọn awakọ̀ tó wá kí i pè é ní Osaro, wọ́n sì bá a sọ Edo. Ó wò wọ́n, ó wá wò mí.

"Kí ni wọ́n ń sọ?"

Wọ́n rò pé ó ń ṣe àwàdà. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ nígbà mìíràn, pé ohun tó ti pẹ́ jù lọ nínú orí èèyàn ló máa ń kù. Lóòótọ́, kì í ṣe èdè nìkan ló lọ. Ọ̀pọ̀ ọdún tó kẹ́yìn ti lọ pẹ̀lú ẹ̀. Ring Road tó kù nínú orí ẹ̀, èyí tí mo kọ́kọ́ bá ni.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà le fún jù ni Ìtùnú, ọmọbìnrin wa. Òun nìkan la bí, Upper Sakponba la sì bí i sí. A ń sọ Yorùbá fún un láti kékeré, ó ń gbọ́ ọ, Píjìn ló fi ń dáhùn. Kò sẹ́ni tó kà á sí wàhálà, torí bàbá ẹ̀ náà ń gbọ́ Píjìn nígbà náà. Ó ti dàgbà báyìí, ó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ta oògùn ní Siluko Road. Tó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá.

"Daddy, you don chop?"

Bàbá ẹ̀ á yíjú sí mi. Èmi ni mò ń sọ fún un pé ọmọ ẹ̀ ń bi í bóyá ó ti jẹun. Á ní òun ti jẹun. Ìtùnú á lọ sí yàrá tirẹ̀. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn, ọjọ́ ń gorí ọjọ́. Mo dà bí ògiri tí àwọn méjèèjì ń gba ara ẹ̀ gbọ́ ohùn ara wọn.

Tí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé, èmi náà ní ìbéèrè ọkọ mi tó ń dúró dè mí.

"Kí lo rí ní Ring Road lónìí?"

Ní ìbẹ̀rẹ̀, gbogbo ohun tí mo rí ni mò ń sọ. Ó máa ń bá mi jiyàn. Ó bi mí pé fíìmù wo ni wọ́n ń ṣe ní sinimá, mo ní ṣọ́ọ̀ṣì ni. Ó ní láti ìgbà wo? Mo ní ó ti pẹ́, pé òun náà máa ń já èrò sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́jọ́ Sunday. Ojú ẹ̀ dà bí ti ẹni tí wọ́n ń parọ́ fún. Mo wá ń dín in kù. Mo máa ń sọ pé ọkọ̀ pọ̀, tàbí pé òjò rọ̀. Ìyẹn nìkan ni kò tíì yí padà.

Àlàájì, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi, ń pe wá láti Ìkìrun lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó máa ń bá àbúrò ẹ̀ sọ̀rọ̀ títí, á wá ní kí wọ́n gbé fóònù fún mi. Lọ́jọ́ kan ó ní òun fẹ́ sọ ohun kan, kí n má bínú.

"Ẹ gbé e wálé, Ìyá Ìtùnú. Èdè tó kù lẹ́nu ẹ̀, níbí ni wọ́n ti ń sọ ọ́. Kí ni yóò máa ṣe láàárín àwọn tí kò gbọ́ ohun tó ń wí?"

Mo ní ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n. Mo ní òótọ́ ni ẹ sọ. Mi ò rí ohun tí mo fẹ́ bá a jiyàn lé lórí. Èmi náà ti máa ń ronú ẹ̀ lójú fèrèsé, pé kí ni mo tún ń ṣọ́ níbẹ̀. Síbẹ̀, tí mo bá ní kí n ro Ìkìrun, ilé ìyá mi ni mò ń rí, ìlẹ̀kùn ẹ̀ sì wà ní títì. Mi ò mọ ẹni tí màá lọ máa kí láàárọ̀. Mo ní a ó wá.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í di ẹrù. Ìtùnú ń wò mí, kò sì bá mi dì í. Ó ní òun ò lọ, iṣẹ́ òun wà níbí. Mo ní mo mọ̀. Mo sọ fún bàbá ẹ̀ pé a ń lọ sí Ìkìrun, ó ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí wọ́n gbé òun gba Ring Road kọjá kí òun rí i. Kò tíì jáde nílé láti ìgbà tí wọ́n ti dá a sílẹ̀ lọ́síbítù, àfi ìgbà tí a bá ń gbé e lọ rí dókítà, ọ̀nà mìíràn la sì máa ń gbà.

Ìtùnú yá ọkọ̀ ọ̀rẹ́ ẹ̀ kan. Ọ̀sán Sunday ni, ọ̀nà sì dá. A gbé bàbá ẹ̀ sí iwájú, èmi jókòó sẹ́yìn. Títí a fi jáde ní Sakponba Road, ó ń wo ìta. Bí a ṣe wọ Ring Road, ó gbé ọwọ́ òsì ẹ̀ lé ìlẹ̀kùn.

"Níbo nìyí?"

Mo ní Ring Road ni, Bàbá Ìtùnú.

"Rárá."

Mo ní òun ni. Ó ní níbo ni sinimá wà? Níbo làwọn igi wà? Mo fi ṣọ́ọ̀ṣì hàn án. Ó wò ó. Ó ní a ti gbé òun lọ sí ìlú ẹlòmíràn. Mo ti sọ ọ́ fún un tẹ́lẹ̀, ó sì dà bíi pé mi ò sọ ọ́ rí.

Ìtùnú kò yà kúrò. Ó tún yí i po. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ wà níwájú, ohùn ẹ̀ kò sì ga.

"Dádì, èyí ni ọgbà. Wọ́n ti fi irin... irin sí i. Igi wà níbí, wọ́n ti gé. Ẹ máa ń ra gúgúrú fún mi níbí. Obìnrin tó ń tà á ò sí mọ́. Èyí ni sinimá. Wọ́n ti ṣe é ní ṣọ́ọ̀ṣì."

Àmì ohùn inú ọ̀rọ̀ ẹ̀ wọ́. Ó pe gúgúrú bí ẹni tí kò jẹ ẹ́ rí. Mi ò tíì gbọ́ kí Yorùbá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu ẹ̀ látọjọ́ tí mo ti bí i. Bàbá ẹ̀ ń gbọ́ ọ, ó ń tẹ̀ lé ibi tó ń tọ́ka sí. Ìgbà tó yá ni kò wo ìta mọ́, ọmọ ẹ̀ ló ń wò.

"O ń gbọ́ Yorùbá?"

"Mo ń gbọ́ ọ tẹ́lẹ̀," ni Ìtùnú wí.

Iná dá wa dúró. Ọmọbìnrin kan ń na omi tútù sí wa lójú fèrèsé, a ò dá a lóhùn. Ìtùnú bi bàbá ẹ̀ bóyá kí a máa lọ sílé.

"Ilé wo?"

Mo rò pé èmi ló ń bi. Mo ti fẹ́ sọ pé ilé ibí ni fún báyìí, pé tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ká wá lọ sí tọ̀hún. Ìtùnú ti dáhùn.

"Ilé tí ẹ bí mi sí."

Ó ronú sí i. Iná yí padà, àwọn ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn bẹ̀rẹ̀ sí í fọn fèrè.

"Ká lọ," ló wí.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, mo pe Àlàájì. Mo ní ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, a ò ní lè wá mọ́. Ó bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní kò sí nǹkan. Ó ní ẹ̀yin lẹ mọ̀. Kò pẹ́ lẹ́yìn ẹ̀ tó wá fúnra ẹ̀. Ó sùn sọ́dọ̀ wa, ó kírun ní pálọ̀ wa, òun àti àbúrò ẹ̀ sì sọ̀rọ̀ odò tí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́ nígbà èwe. Ìtùnú gbé oúnjẹ fún wọn, ó kúnlẹ̀, ó kí i ní Yorùbá rẹ̀ tó wọ́ náà. Àlàájì kò rẹ́rìn-ín. Nígbà tó ń lọ, ó ní kó máa bá bàbá ẹ̀ sọ ọ́ lójoojúmọ́, pé kó má tijú. Kò tún mẹ́nu kan Ìkìrun fún mi.

Mo tú ẹrù tí mo ti dì. Inú mi kò dùn, kò sì bàjẹ́. Mo to aṣọ padà síbi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, mo lọ síbi iṣẹ́.

Níbẹ̀ ni ọ̀gá wa ti sọ fún wa pé wọ́n ti ta ilé náà, pé Siluko Road la ó kó lọ. A kó ẹ̀rọ, a kó tábìlì. Ẹni tó ra ilé náà ti ń wó ògiri inú lójú wa. Tábìlì mi ní ibi tuntun náà kọjú sí ògiri. Mo rò pé yóò yọ mí lẹ́nu, pé ojú mi á máa wá fèrèsé. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kejì, mi ò rántí mọ́.

Mo ṣì ní láti gba Ring Road kọjá láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, nínú bọ́ọ̀sì. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó rẹ̀ mí, mo gbé orí lé fèrèsé ní kété tí a kúrò ní Siluko. Nígbà tí mo lajú, a ti wà ní Upper Sakponba, obìnrin tó jókòó tì mí ń bi mí bóyá kì í ṣe ibí ni mo ti ń bọ́ sílẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ ní Edo, mo bọ́ sílẹ̀.

Ọkọ mi wà lórí àga lẹ́nu ọ̀nà, níbi tí Ìtùnú gbé e sí kó gba atẹ́gùn.

"Kí lo rí ní Ring Road lónìí?"

Mo ní mi ò rí nǹkan kan. Mo ní oorun ló gbé mi lọ, a ti kọjá ẹ̀ kí n tó jí.

Ọ̀rọ̀ ṣì máa ń pẹ́ kó tó jáde lẹ́nu ẹ̀. Mo ti ń bọ́ bàtà.

"Nígbà tí mò ń wa takisí," ló wí, "àwọn àlejò kì í sùn nínú ọkọ̀ mi. Àwọn ọmọ ìlú ló ń sùn."

Mo dúró, bàtà kan wà lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà, mo wọlé lọ gbé oúnjẹ ẹ̀ wá.